Àsíá Tí Òjò Kò Pa

Ní àdúgbò yẹn, kò sẹ́ni tó tún ń pe ilé Ìyá Onílé ní ilé Ìyá Onílé mọ́. Ilé Ẹlẹ́yẹ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Bí àlejò bá ń wá ọ̀nà, wọn a ní, "Ṣé o rí Ilé Ẹlẹ́yẹ? Bí o bá ti kọjá rẹ̀, yà sọ́wọ́ òsì." Ẹyẹ tí wọ́n ń wí kì í ṣe ẹyẹ tó ń ké. Àwòrán ẹyẹ pupa kan ni, tó na ìyẹ́ méjèèjì sáàárín àsíá aláwọ̀ ewé àti funfun, lórí òpó irin níwájú ilé. Àsíá orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni.

Àwọn orílẹ̀-èdè tó rí jájẹ a máa fi ilé-iṣẹ́ aṣojú wọn sí ibi tí àwọn èèyàn ńlá ń gbé, wọn a mọ odi yí i ká, wọn a fi ọlọ́pàá sẹ́nu ọ̀nà. Orílẹ̀-èdè ẹlẹ́yẹ yìí kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilé Ìyá Onílé ni wọ́n háyà, yàrá mẹ́ta tó tò tẹ̀léra. Yàrá iwájú ni àwọn àlejò ń jókòó sí. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ti Aṣojú fúnra rẹ̀, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ewú ti ń yọ níwájú orí rẹ̀. Ti ẹ̀yìn ni ti Ògbufọ̀, ọkùnrin ọmọ ilẹ̀ wa tó gbọ́ èdè méjèèjì, tó ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé ìrìnnà, tó sì tún ń wa mọ́tò Aṣojú, torí wọn kò ní dírẹ́bà. Ìyá Onílé ló ń gbé òkè, òun nìkan. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ sì ti lọ sí ibi tí oúnjẹ wọn wà. Kí àwọn ẹlẹ́yẹ tó dé, ìgbà mìíràn wà tí ó ń kí aago ara ògiri kí ó má baà gbàgbé ohùn ara rẹ̀.

Òfin kan péré ló wà nínú ilé náà, ó sì ti sọ ọ́ fún Aṣojú lọ́jọ́ tó kó ẹrù dé. "Àbúrò mi, bí òjò bá ti ṣú, aṣọ tó bá wà níta, aṣọ gbogbo wa ni. Ẹni tó bá wà nílé ni yóò kó o. A kì í béèrè pé ti ta ni."

Òfin náà nídìí. Nígbà tí Ìyá Onílé wà lọ́dọ̀ọ́, ilé onílé ló ń gbé, iṣẹ́ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́ ní yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn ńlá kan. Aṣọ funfun kan ṣoṣo ló ní tó yẹ iṣẹ́ náà. Ó fọ̀ ọ́ láàárọ̀, ó sá a, ó lọ pọn omi. Òjò dé. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbélé jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wo aṣọ náà bó ṣe já bọ́ lórí okùn sínú ẹrẹ̀. Kò sẹ́ni tó dìde, torí kì í ṣe tiwọn. Ó wọ aṣọ tútù lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó ní ẹni tí kò lè fọ tirẹ̀, ṣé ti aláìsàn ni yóò wá fọ̀? Ó ní kó máa lọ. Ọdún kan gbáko kọjá kí wọ́n tó tún gbà á síbẹ̀, ó sì dàgbà di olórí àwọn afọṣọ kó tó fẹ̀yìn tì. Síbẹ̀, títí dòní, ó rántí àwọ̀ ẹrẹ̀ yẹn. Ó rántí orúkọ gbogbo àwọn tó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì rántí èyí tó ń jẹ ẹ̀pà nínú wọn. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ kọ́ ilé tiwọn, òfin yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ kí wọ́n tó kan òrùlé.

Aṣojú sì pa á mọ́. Lọ́jọ́ kan, òun àti oníṣòwò pàtàkì kan ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ojú ọ̀run dúdú. Ó ní kí àlejò náà má bínú, ó sáré jáde, ó sì padà wọlé pẹ̀lú ìró, bùbá àti yẹ̀rì Ìyá Onílé láyà. Ó kó wọn lé orí tábìlì, ó ń ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bá ọ̀rọ̀ ọjà lọ. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Onílé ti gbà pé ibi tí wọ́n ti bí wọn nìkan ni òun àti obìnrin yìí fi yàtọ̀.

Ohun tó wá ń da ilé láàmú nìyí. Ìjọba ilẹ̀ Aṣojú fẹ́ dín àwọn ilé-iṣẹ́ wọn tó wà nílẹ̀ òkèèrè kù. Wọ́n ń rán Olùbẹ̀wò kan bọ̀. Bó bá rí i pé ilé-iṣẹ́ náà wúlò, ó dúró. Bí kò bá rí i bẹ́ẹ̀, wọn yóò ká àsíá nílẹ̀, Aṣojú yóò sì di ẹrù rẹ̀.

"Ìbéèrè kan ló ń gbé bọ̀," Aṣojú sọ lórí àtẹ̀gùn ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí Olùbẹ̀wò máa dé. Ó gbọ́ èdè wa, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ ọ́, bí ẹni tó ń tẹ òkúta sọdá odò. "Tí a bá ti ilẹ̀kùn yìí pa, ta ló máa mọ̀?"

"Èmi máa mọ̀."

"Ìyá, ẹ̀yin kì í ṣe ìjọba."

"Ìjọba ọ̀hún ńkọ́? Ìwé tí o fún wọn ńkọ́?"

Aṣojú mí kanlẹ̀. Ìwé àdéhùn ni. Àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa yóò lọ kọ́ ìtọ́jú màlúù lọ́dọ̀ wọn, àwọn dókítà tiwọn yóò sì wá kọ́ ìtọ́jú ibà lọ́dọ̀ wa. Lọ́hùn-ún, wọ́n ti buwọ́ lù ú. Níbí, orí tábìlì Akọ̀wé Àgbà ní ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ló sùn sí. Aṣojú ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì ibẹ̀ títí bẹ́ǹṣì fi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń pàdé rẹ̀, ẹ̀rín náà ni wọ́n fi ń sìn ín sọ́nà. Wọn a ní, "Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tiwọn yìí, ṣé ìgbín ló gùn ni?"

"Ìgbín máa ń dé, Ìyá."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò kọjá eyín.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Aṣojú wọ kóòtù búlúù. Ìyá Onílé já fọ́nrán òwú kan kúrò léjìká rẹ̀, ó ní, "Máa lọ. Orí ẹ á bá ẹ sọ̀rọ̀." Wọ́n ti fèrèsé ìsàlẹ̀ pa torí eruku, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Bí Ògbufọ̀ ṣe ń wa mọ́tò jáde, Fọganáísà tó ń lẹ táyà lódìkejì títì nàka sí i.

"Ẹlẹ́nu méjì! Èwo nínú wọn lo fi jẹun láàárọ̀ yìí?"

"Ọ̀kan ni mo fi jẹun. Èkejì, èébú tìẹ ló wà níbẹ̀, mò ń tọ́jú ẹ̀ dìgbà tí mo bá dé!"

Pápákọ̀ òfurufú ni wọ́n forí lé. Ìyá Onílé gbálẹ̀ iwájú ilé, ó fi omi wọ́n ọn, ó tún fọ aṣọ ìkélé yàrá àlejò, ó sá a sí ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú àwọn aṣọ tirẹ̀. Kò pẹ́ tí afẹ́fẹ́ fi yí padà. Òjò ṣú gùdẹ̀, ìlà oòrùn dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ó sáré kó aṣọ ìkélé. Ó kó ìró, ó kó aṣọ ìnura Ògbufọ̀. Ó yí síwájú ilé láti wò ó bóyá nǹkan kan kù, ojú rẹ̀ sì gun òkè òpó.

Àsíá ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

Ó dúró. Ó mọ̀ pé Ògbufọ̀ ló ń fà á gòkè láàárọ̀, tó ń sọ ọ́ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n Ògbufọ̀ kò sí nílé. Ó wo ojú ọ̀run, ó wo ẹyẹ. "Ṣé aṣọ kọ́ ni?" ó bi ara rẹ̀. Aṣọ ni. Ṣé ìta kọ́ ló wà? Ìta ni. Ta ló wà nílé? Òun ni. Ó tú okùn lára òpó, ó ń fà á díẹ̀díẹ̀, ẹyẹ náà sì bà sí i lọ́wọ́.

Ìgbà tó sún mọ́ ọn ló rí ohun tí ojú kì í rí láti ilẹ̀. Ẹyẹ gidi kan ti ya ìgbẹ́ sí ẹyẹ aṣọ lórí, eruku títì sì ti sọ funfun di àwọ̀ tíì. Ṣé èyí ni Olùbẹ̀wò fẹ́ rí? Ẹni tó ti fọ aṣọ ilé ìwòsàn títí di ọjọ́ ogbó kò lè fi ojú fo irú rẹ̀. Ó da omi sínú garawa, ó fi ọṣẹ sí i, ó rọra fi ìka bó orí ẹyẹ náà bí ẹni tó ń wẹ ọmọ tuntun, ó sì fi sítáàṣì díẹ̀ parí rẹ̀.

Òjò kò rọ̀. Kò ta tó ẹyọ kan. Ìkùukùu kó ẹrù rẹ̀ lọ síbòmíràn, oòrùn sì yọ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà. Ìyá Onílé tún sá àwọn aṣọ tó ti kó, ó sá àsíá sáàárín wọn lórí okùn ẹ̀yìnkùlé, ó gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú kaná. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní kí wọ́n tó dé, ẹyẹ á ti padà sórí igi rẹ̀, á sì máa dán.

Ẹnu Fọganáísà fúnra rẹ̀ ló ti wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lódìkejì títì ní gbogbo àkókò yẹn. Dírẹ́bà Akọ̀wé Àgbà ló gbé táyà tó jò wá síbẹ̀. Ó ń wo òréré títì.

"Ilé Ẹlẹ́yẹ dà? Wọ́n ní ọ̀kánkán ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù yín wà."

"Òun lẹ̀ ń wò yẹn."

"Ẹyẹ dà?"

Fọganáísà gbójú sókè, òpó sì ṣófo. Ó ju irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹyẹ ti fò o!"

"Wọ́n kó lọ ni?"

"Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ohun tójú mi rí ni màá sọ. Aṣojú wọn jáde láàárọ̀, ó wọ kóòtù, kò kí mi bó ṣe máa ń kí mi. Wọ́n ti fèrèsé pa. Ẹlẹ́nu méjì wọn ní òun á bú mi tóun bá dé, kò sì tíì dé."

Dírẹ́bà kò dúró gba táyà. Ó yọ fóònù. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan ṣe dé etí ìjọba: orílẹ̀-èdè kan ti ká àsíá rẹ̀, kò dágbére, àjọṣe ti bàjẹ́.

Ìyá Onílé wà lórí àsíá, ó ń fi áyọ́ọ̀nù tọ ìyẹ́ apá òsì, nígbà tó gbọ́ ariwo mọ́tò. Ó rò pé àwọn ni. Ó sáré síwájú ilé pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́. Mọ́tò dúdú ńláńlá ni ó bá níbẹ̀, àwọn ọkùnrin tó so táì ń bọ́ọ́lẹ̀, èyí tó sanra jù nínú wọn sì ń làágùn. Ẹ̀yìn wọn ni Fọganáísà wà, àti Onídìrí tó ń dirun ní ṣọ́ọ̀bù kejì, pẹ̀lú oníbàárà rẹ̀ tí wọ́n ti di apá kan orí rẹ̀, tí apá kejì dúró gàgà.

"Ìyá, ẹ kú ilé," ọkùnrin tó sanra náà sọ, ó sì dọ̀bálẹ̀ débi tí ikùn rẹ̀ gbà á láyè. "Èmi ni Akọ̀wé Àgbà ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni wọ́n lọ?"

"Àwọn wo?"

"Àwọn ẹlẹ́yẹ! Ìyá, ẹ má fi pa mọ́ fún mi. Mínísítà ti pè mí. Ó ní kí ni mo ṣe fún wọn. Mo ní mi ò ṣe nǹkan kan. Ó ní ohun tóun ń sọ gan-an nìyẹn, pé mi ò ṣe nǹkan kan!" Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn onítáì sì gbé ìwé sí i lọ́wọ́. "Ìwé wọn rèé. Mo ti buwọ́ lù ú. Inú mọ́tò ni mo ti buwọ́ lù ú, ẹ wo bí ọwọ́ mi ṣe rìn. Ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n."

"Ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n o, Ìyá," Onídìrí náà sọ, kò sì mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀ lé lórí gan-an.

Ìyá Onílé gbójú wo òpó, ó wo èrò, ó wo áyọ́ọ̀nù ọwọ́ ara rẹ̀. Àṣé òun ni! Òun tí kò fẹ́ kí ilẹ̀kùn yìí tì, òun náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í. Kó tó lanu sọ̀rọ̀, mọ́tò Aṣojú yọ sí kọ̀rọ̀ títì. Olùbẹ̀wò jókòó sẹ́yìn, ọkùnrin gíga kan tójú rẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì láti inú.

Aṣojú ló kọ́kọ́ bọ́ọ́lẹ̀. Ó rí òpó. Ojú rẹ̀ yí padà. Olùbẹ̀wò náà bọ́ọ́lẹ̀, ó wò yíká, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò gùn.

"Ó ní àsíá dà," Ògbufọ̀ sọ. Ó tún gbọ́ òmíràn. "Ó ní ta ni gbogbo èèyàn wọ̀nyí."

Ìyá Onílé gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó sì padà pẹ̀lú àsíá tó ká sórí apá rẹ̀ méjèèjì, tó ṣì gbóná. Ó dúró níwájú Olùbẹ̀wò. Bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ lè lanu, ì bá ti wọ̀ ọ́.

"Ẹ sọ fún un pé èmi ni," ó ní. "Òjò ló ṣú. Kò sẹ́nì kankan nílé. Òfin ilé yìí ni pé aṣọ kì í tutù níṣojú wa. Mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo rí i pé ẹyẹ ti ya ìgbẹ́ sí i lórí, mo fọ̀ ọ́. Kì í ṣe ẹjọ́ àbúrò mi. Tí ìjìyà bá wà níbẹ̀, tèmi ni."

Akọ̀wé Àgbà la ẹnu sílẹ̀. Aṣojú wo àsíá, ó wo ojú ọ̀run tó mọ́ kedere, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu rẹ̀ débi tó fi di òpó mú kó má baà ṣubú. Ògbufọ̀ fi èdè wọn sọ ọ́ fún Olùbẹ̀wò. Ó pẹ́ lórí apá ti ìgbẹ́ ẹyẹ.

Olùbẹ̀wò kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Akọ̀wé Àgbà, ó bi í ní ọ̀rọ̀.

"Ó ní kí lẹ wá ṣe níbí."

"Ẹ sọ fún un pé wọ́n ní àsíá ti sọ̀ kalẹ̀," Akọ̀wé Àgbà dáhùn, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé àdéhùn sí i. "A wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má lọ ni."

Olùbẹ̀wò wo ibi tí wọ́n buwọ́ lù, tó rí bíi ká ní adìẹ ló fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó tún bi Fọganáísà.

"Èmi kẹ̀?" Fọganáísà gbé orí sókè. "Tí ẹyẹ bá lọ, báwo làwọn oníbàárà mi á ṣe rí mi? Ó wà lára pátákó mi níbẹ̀ yẹn: Ọ̀kánkán Ilé Ẹlẹ́yẹ. Ẹlẹ́nu méjì, kà á fún un dáadáa, má fi ti èébú sí i!"

"Àwọn tó ń wá dirun náà, ẹyẹ ni wọ́n ń wò wá," Onídìrí sọ. Oníbàárà rẹ̀ mi apá tí wọ́n ti dì lórí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Olùbẹ̀wò fọwọ́ kan àsíá lórí apá Ìyá Onílé. Ó rọra béèrè nǹkan kan, ojú rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

"Ó ní báwo ló ti pẹ́ tó tẹ́ ẹ ti sọ ọ́ kalẹ̀."

"Kò pẹ́ rárá. Ẹ sọ pé kó fọwọ́ kan etí ẹ̀. Kò tíì gbẹ tán."

Ògbufọ̀ sọ ọ́. Olùbẹ̀wò fi àtàǹpàkò kan etí aṣọ tó ṣì tutù, ó wo ìjọba tó ń làágùn, ó wo orí tí wọ́n dì dé ìdajì. Ó wá sọ̀rọ̀ sí Aṣojú, Aṣojú sì tú u fún Ìyá Onílé fúnra rẹ̀.

"Ó ní òun gbé ìbéèrè kan wá láti ilé. Ó ní aṣọ ò tíì gbẹ, ìdáhùn ti dé."

Wọ́n fa àsíá gòkè padà, ó le pọ́nńkú bí ìwé tuntun, gbogbo èrò sì pàtẹ́wọ́. Olùbẹ̀wò ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ àsíá kalẹ̀ láìgba àṣẹ Aṣojú. Ìyá Onílé ní ó dáa, òun gbọ́. "Àmọ́ tí òjò bá wá ṣú ńkọ́?" Ògbufọ̀ kò tú ìyẹn.

Wọ́n wọlé, àga kò tó, àwọn onítáì dúró. Tíì ni wọ́n ń mu, Akọ̀wé Àgbà sì ń ṣàlàyé bí òun ṣe fẹ́ràn ìwé àdéhùn náà láti ọjọ́ pípẹ́, nígbà tí òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Òjò tó kó ẹrù lọ ti padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, kò halẹ̀ rárá.

"Aṣọ!" Ìyá Onílé ké.

Aṣojú ló kọ́kọ́ dé ẹ̀yìnkùlé. Akọ̀wé Àgbà, tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ àmọ́ tó ti pinnu pé òun kò ní í ṣe aláìṣe nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà, sáré tẹ̀ lé e, ó sì padà pẹ̀lú aṣọ ìkélé lọ́rùn àti yẹ̀rì Ìyá Onílé léjìká.

Ìyá Onílé lọ sí iwájú ilé. Olùbẹ̀wò ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ó dúró sínú òjò ní ìdí òpó, kóòtù rẹ̀ ti ń tutù, ọwọ́ rẹ̀ wà lára okùn. Ó wo ẹyẹ lókè. Ó wá bojú wẹ̀yìn wo ìyá arúgbó náà, bí ẹni tó ń tọrọ àyè.

Ìyá Onílé mi orí sí i. Olùbẹ̀wò tú okùn, ó sọ àsíá kalẹ̀, ó tì í bọ abẹ́ kóòtù rẹ̀, ó sì sáré wọlé.

Wọn kò tíì fi ìwé ìpinnu ránṣẹ́ láti òdìkejì òkun nígbà yẹn, àmọ́ Ìyá Onílé kò tún dúró dè é. Ó ti gbélé onílé rí, ó sì ti nílé. Ó mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ kó lọ kì í bá ará ilé kó aṣọ.